Bẹ́ẹ̀dì Alájà Méjì Tí A Fi Igi Kàn: Ohun Tí Àwọn Òbí àti Ọmọ Iṣẹ́ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Káfíńtà ni mí. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní dọ́bù bọ́ǹkì, ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí ń bi mí kí wọ́n tó san owó àsansílẹ̀, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́, tí wọ́n ń béèrè nígbà tí pákó bá ti wà lórí tábìlì. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò gùn. Èyí tó lè pa ọmọ lára ni mo fara balẹ̀ sí jù.

Kí lẹ máa kọ́kọ́ béèrè tí a bá ní kí ẹ bá wa kan bẹ́ẹ̀dì?

Fóòmù. Ẹ jẹ́ kí n rí fóòmù tí ọmọ máa sùn lé ká tó sọ̀rọ̀ irú igi tàbí àwọ̀. Tí ẹ kò bá tíì rà á, ká jọ fẹnu kò lórí ìwọ̀n rẹ̀, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Fóòmù ló ń sọ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe máa gùn tó, bó ṣe máa fẹ̀ tó, àti ibi tí ọgbà òkè, ìyẹn igi tó yí ibùsùn òkè ká kí ọmọ má baà jábọ́, máa ga dé.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Fóòmù tí wọ́n pè ní fíìtì 6 lọ́nà 3 lè fi ínṣì kan dín tàbí kó fi ínṣì kan lé. Téèpù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn, màá wá fi nǹkan bí ìdajì ínṣì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ lè ráyè ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì bọ abẹ́. Kí àyè náà má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi tí fóòmù kò bá ti kún, ẹsẹ̀ ọmọ lè há síbẹ̀.

Lẹ́yìn fóòmù ni mo tó ń béèrè ẹni tó máa sùn lókè àti ọjọ́ orí rẹ̀, bí sílíìnì ṣe ga tó, ibi tí fèrèsé àti fáànù wà, àti bí ẹnu ọ̀nà yàrá ṣe fẹ̀ tó.

Kí ló dé tí nínípọn fóòmù fi ká yín lára tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ara mi, mo kan bẹ́ẹ̀dì fún ìdílé kan. Fóòmù ínṣì 5 la jọ sọ, mo sì ṣe ọgbà òkè kó fi ínṣì 6 ga jù ú lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo padà lọ láti fún bóòtì le, mo sì rí i pé fóòmù ínṣì 9 ló wà lókè. Wọ́n rí i rà, ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì rò pé àǹfààní ọmọ ni. Ọgbà mi wá ku ínṣì 2 péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà ti fi ń sùn síbẹ̀. Kò jábọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀bi tèmi ni. N kò sọ fún wọn, n kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì fa ìlà kan sára òpó méjì lókè, ní apá inú: orí fóòmù kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Ìlànà Yúróòpù lórí irú bẹ́ẹ̀dì yìí, EN 747, béèrè irú àmì bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀dì máa ń pẹ́ ju fóòmù lọ. Ẹni tó máa ra fóòmù kejì lè má bá mi pàdé rí.

Báwo ni ọgbà òkè ṣe gbọ́dọ̀ ga tó?

Orí fóòmù ni a ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orí pákó. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2000 ní kó fi ínṣì 5 ga ju fóòmù lọ, ó kéré tán. EN 747 ní mílímítà 160, ìyẹn lé díẹ̀ ní ínṣì 6. Ínṣì 7 ni èmi ń ṣe, torí ọmọ tó ń yí lójú oorun máa ń ká aṣọ ìbora jọ sábẹ́ ara rẹ̀, á sì ga sókè láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀dì máa fara ti ògiri. Ṣé ó tún nílò ọgbà lápá ibẹ̀?

Ó nílò rẹ̀. Orí èyí ni èmi àti àwọn oníbàárà ti ń jiyàn jù, torí lójú wọn, ògiri ti tó ọgbà.

Ẹ rò ó báyìí. Bẹ́ẹ̀dì kì í dúró sójú kan. A ó fà á síwájú láti gbálẹ̀, a ó gbàgbé láti tì í padà dáadáa. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ògiri lè má jẹ́ kó fara kan ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá. Àyè á ṣí, èèyàn tó wà nílẹ̀ kò ní rí i. Ọmọ á yí síbẹ̀ lóru, ara rẹ̀ á yọ̀ wọlẹ̀ láàárín fóòmù àti ògiri, orí rẹ̀ kò sì ní lè tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi sọ pé bí abẹ́ ìpele kan bá ti ga ju ínṣì 30 lọ sílẹ̀, ọgbà gbọ́dọ̀ wà lápá méjèèjì, ti apá ògiri sì gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti ìkángun dé ìkángun láìjá.

Mo ti dá owó àsansílẹ̀ padà rí fún ẹni tó ní òun kò ní san owó igi ọgbà ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àlàfo mélòó ló yẹ kó wà láàárín igi kan sí èkejì?

Ọmọ iṣẹ́, gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo àlàfo tó wà ní ìpele òkè, yálà láàárín igi ọgbà, tàbí láàárín ọgbà àti pákó tí fóòmù sùn lé, tàbí ní ìgbèrí àti ìgbẹ̀yìn ẹsẹ̀ (ìkángun bẹ́ẹ̀dì lápá orí àti lápá ẹsẹ̀), kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó fẹ̀ tó ínṣì 3 àtààbọ̀, ìyẹn mílímítà 89, kọjá. Ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà gun òkè nìkan ni a yọ sílẹ̀.

Orí ọmọdé tóbi ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ń ṣeré tàbí tó bá ń yí lójú oorun, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ jáde. Ìbàdí á bá a lọ, àyà á bá a lọ, ó wá di orí, orí kò kọjá mọ́. Ọmọ náà á wá so rọ̀ ní ọrùn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ há kò lè ké, nítorí náà, òbí tó wà ní yàrá kejì kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí kò bá gba ìbàdí kọjá, ewu yìí kò sí níbẹ̀.

Ní ìgbèrí àti ìgbẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti ìpele ìsàlẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà: kí àlàfo kéré tó bẹ́ẹ̀ náà, tàbí kó tóbi débi tí orí gan-an á fi gba ibẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn ju ínṣì 9 lọ. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ló léwu: ínṣì 5, ínṣì 6, ínṣì 7. Ìwọ̀n tó sì máa ń wu ojú jù nìyẹn tí èèyàn bá ń pín igi láìronú.

Igi kékeré kan wà tí mo gé ní ínṣì 3 àtààbọ̀ géérégé, tí mo fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kí bẹ́ẹ̀dì kankan tó jáde, ọmọ iṣẹ́ á mú un, á fi dán gbogbo ihò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá gbà á, a ó fi igi kan kún un. A kì í jiyàn pẹ̀lú igi yẹn.

Ọmọ mi ọdún mẹ́rin ti ń gun nǹkan dáadáa. Ṣé ó lè sùn lókè?

Rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọ́dọ̀ sùn lókè, ibi gbogbo tí ìlànà wà ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Gígùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Sísọ̀ kalẹ̀ láàárín òru ni, nígbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, tí ojú rẹ̀ kò tíì là tán, tí kò sì rántí pé òkè lòun wà.

Tí àwọn ọmọ yín bá ṣì kéré, ẹ jẹ́ kí n kan bẹ́ẹ̀dì méjì tó lè dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Màá lu ihò sórí òpó ti ìsàlẹ̀ àti sábẹ́ òpó ti òkè, tí irin tó nípọn á fi so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ báyìí, ẹ gbé ọ̀kan gun èkejì nígbà tí ọmọ bá dàgbà tó. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe, òun sì ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn jù.

Ṣé yàrá wa ga tó?

Ẹ fi téèpù wọ̀n láti ilẹ̀ dé sílíìnì, ká wá jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní fíìtì 8 ni, ìyẹn ínṣì 96. Mo gbé abẹ́ fóòmù ìsàlẹ̀ sí ínṣì 12. Fóòmù náà nípọn ní ínṣì 6, orí rẹ̀ wà ní 18. Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ nílò nǹkan bí ínṣì 34 kó má baà forí gbá igi òkè: a ti dé 52. Pákó ìdábùú tí fóòmù òkè sùn lé àti igi tó gbé e ró gba ínṣì 2, fóòmù òkè gba 6, ó di 60. Ínṣì 36 ló kù láàárín fóòmù òkè àti sílíìnì. Ọmọ lè jókòó níbẹ̀ láìtẹ orí ba. Orí ọgbà á wà ní 67.

Tí sílíìnì bá jẹ́ fíìtì 7 àtààbọ̀, ínṣì 6 ti lọ nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló máa pàdánù rẹ̀. Mo lè sọ ìpele ìsàlẹ̀ kalẹ̀ sí i, mo lè ní kí ẹ lo fóòmù tó fẹ́lẹ́. Tí kò bá ṣì tó, ẹ jẹ́ ká kan bẹ́ẹ̀dì kan tí a ó máa fa èkejì jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó sàn ju kí ọmọ máa rákò wọ orí ibùsùn lójoojúmọ́ lọ.

Fáànù sílíìnì ńkọ́? Ọmọ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tó na ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ lè kan abẹ rẹ̀. Tí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé, àti okùn tí a fi ń fa aṣọ fèrèsé.

Àkàbà ni àbí àtẹ̀gùn?

Tí àyè bá wà, àtẹ̀gùn. Ó rọrùn fún ọmọ tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, a sì lè ṣe dúrọ́ọ̀ sínú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba ilẹ̀ púpọ̀, owó igi rẹ̀ sì ga.

Tó bá jẹ́ àkàbà, ohun mẹ́ta ni mi ò gbà láti fi sílẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ lè sinmi lé, torí igi roboto máa ń dun ẹsẹ̀ lásán. Àlàfo láti ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ínṣì 10 sí 12, torí ẹsẹ̀ ló ń kà á nínú òkùnkùn, ojú kọ́. Kí a sì fi bóòtì de àkàbà náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkàbà tí a kàn fi kọ́ lè yọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀ nínú ọgbà máa ń jẹ́ ínṣì 12 sí 15, òpó kan sì gbọ́dọ̀ ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọwọ́ rí nǹkan dìmú.

Irú igi wo ló dára jù?

Igi gbígbẹ. Mo mọ̀ pé orúkọ igi lẹ fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n afárá tó gbẹ sàn ju ìrókò tútù lọ. Igi tútù máa ń sún kì ní fífẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Oríkèé á wá ṣí, bóòtì á tú, bẹ́ẹ̀dì á máa dún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọn omi inú igi. Fún bẹ́ẹ̀dì inú ilé, mo fẹ́ kó wà láàárín ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìrókò lágbára, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, àmọ́ ó wúwo, eruku rẹ̀ sì máa ń ta awọ ara àti imú, ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ bo imú. Ọ̀gánwó rẹwà, ó sì dùn ún fá. Afárá fúyẹ́ díẹ̀, ó rọrùn láti gbẹ́. Páìnì náà dára tí kókó kò bá pọ̀ lára rẹ̀. Arère rọ̀ jù fún òpó, èékánná lásán lè dá ọgbẹ́ sí i. Igi yòówù kó jẹ́, ibi tí kókó ńlá bá wà lára igi ẹ̀gbẹ́, n kì í lò ó, torí ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́.

Ṣé ìṣó kò tó láti kàn án?

Kò tó. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kì í sábà wó lulẹ̀ nítorí ìwúwo tó wà lórí rẹ̀. Mímì sí ọ̀tún mì sí òsì ló ń bà á jẹ́, nígbà tí ọmọ bá ń gùn ún. Ìṣó máa ń fà jáde díẹ̀díẹ̀ nínú irú mímì bẹ́ẹ̀. Súkúrù tí a dè sí ẹnu igi, níbi tí a ti gé e, kò di nǹkan mú dáadáa pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí: ní ìgbèrí àti ìgbẹ̀yìn ẹsẹ̀, mo máa ń gbẹ́ ihò sára òpó, màá ṣe ahọ́n sí ẹnu igi ìdábùú, màá fi gọ́ọ̀mù sí i, màá sì dè é pọ̀ títí yóò fi gbẹ. Ìyẹn kò ní tú mọ́ láé. Igi ẹ̀gbẹ́ tó gùn ni mo máa ń fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè mọ́ òpó, méjì méjì ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, kí a lè tú u tí ẹ bá ń kó kúrò nílé.

Kí igi ẹ̀gbẹ́ dúró lórí ìhà rẹ̀, kó má sùn. Pákó tó ga ní ínṣì 6 le ju èyí tó ga ní ínṣì 3 lọ ní ìlọ́po 8, bí nínípọn wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ èyí kò ní fi igi ṣòfò.

Pákó abẹ́ fóòmù ńkọ́?

Mo fẹ́ràn pákó ìdábùú ju pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo tó bo gbogbo ibẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín wọn kọjá, fóòmù kò sì ní bu nísàlẹ̀. Mo máa ń fi ínṣì 2 sí 3 sáàárín wọn, mo sì máa ń fi súkúrù de ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn, ní orí méjèèjì. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ ti pákó òkè fún eré. Èyí tí a kò bá dè á yọ, ẹni tó wà lókè á sì já bọ́ lù ú.

Báwo lẹ ṣe máa gbé e wọ yàrá?

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń tò ó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, màá kọ nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan níbi tí ojú kò ní rí i, màá tún tú u palẹ̀.

Àwọ̀ wo ló yẹ ká kùn ún?

Èyí tó bá wù yín, tí òjé kò bá ti sí nínú rẹ̀. Ọmọdé máa ń gé ọgbà jẹ, nítorí náà ẹ má lo ọ̀dà àtijọ́ tó ti wà nínú agolo lẹ́yìnkùlé láti ọdún pípẹ́. Kí a tó kùn ún, a ó ti fi sáńpépà fá gbogbo etí igi kó ṣe roboto, ní pàtàkì orí òpó. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dénú, kí òórùn rẹ̀ sì tán kí ọmọ tó sùn síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́, tó bá jẹ́ òróró línsíìdì lo fi pa igi, má ká akísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kó o rì í sínú omi.

Tí a bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Kí n tó gé igi, ẹ lè yí i padà bó ṣe wù yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n, tí màá tún wá sí yàrá yín láti fi ẹfun ya ojú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ẹ rìn yí i ká. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rí i pé àwọn fẹ́ kí àkàbà wà ní òdìkejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí àwòrán, tí ayùn ti bọ́ sí i, igi tí a bá tún rà, owó yín ni.

Ṣé àgbàlagbà lè sùn sórí rẹ̀? Alájà mẹ́ta ńkọ́?

Àgbàlagbà lè sùn síbẹ̀ tí ẹ bá sọ fún mi ṣáájú, kí n lè fi òpó tó nípọn àti igi àárín kún un. Alájà mẹ́ta, n kì í ṣe é fún ilé.

Kí la máa ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e dé?

Ẹ fún bóòtì le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí igi máa ń jókòó sára irin. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀dì tó bá bẹ̀rẹ̀ sí dún ń bẹ yín ni, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ má so okùn, ìborùn tàbí bẹ́líìtì mọ́ ọgbà òkè, ì báà jẹ́ fún eré. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa wà lórí àkàbà, kò sì sí eré sísáré tàbí fífò lókè.

Ṣé ẹ máa ń dán an wò?

Nígbà gbogbo. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan á gun òkè, a ó jókòó sí àárín gbùngbùn, a ó mì í bí àwọn ọmọ á ṣe mì í. Ẹlòmíràn á wà nílẹ̀ tó ń wo oríkèé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá pa iná yàrá, màá bọ́ bàtà, màá sì sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn láìwo ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ mi bá wá ìtẹ̀sẹ̀ kan tì, a ó tú àkàbà yẹn, a ó tún un kàn.